Àwo Tí Wọ́n Fi Sílẹ̀ fún Abíkẹ́yìn

Bàbá mi, mo kúnlẹ̀ kí yín o. Mò ń jẹun dáadáa. Ẹ má dá Màmá lóhùn tó bá ní mo rù nínú fọ́tò.

Ẹ rántí ẹgbẹ́ olórin tí ẹ fẹ́ràn, tí orin wọn gùn bí ọjọ́ ebi? Àwọn ẹ̀gbọ́n mi pín àwo orin wọn tó lókìkí, wọ́n ní, "Abíkẹ́yìn ló ni àjẹkù," wọ́n kó ìyókù fún mi.

Bàbá, ọmọ mi kì í yíjú tí mo bá pè é. Mo pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀ títí ọwọ́ mi fi pọ́n. Mo rò pé kò gbọ́ràn ni.

Lánàá, mo gbé àwo tí àwọn ọ̀rẹ́ yín máa ń sọ pé ó ti bàjẹ́ sórí ẹ̀rọ, èyí tí fèrè rẹ̀ máa ń yọ́ wọlé bí olè. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo wáyà. Ọmọ yíjú sí ẹ̀rọ, ó bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ fèrè. Bàbá, ó gbọ́ ọ ṣáájú mi!

Èmi àti ìyá onílé jó títí ẹsẹ̀ fi ro wá. Bàbá ọmọ náà á gbọ́, tó bá padà wá.

Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi pé àjẹkù wọn dùn jọjọ.

Abíkẹ́yìn yín.