Áísìkiriìmù Inú Oṣù Ààwẹ̀: Sí Ìyá Mi ní Ìwó

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àdúrà tí ẹ kì í yọ orúkọ mi kúrò nínú rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níbi tí mo wà ní Ìlọrin yìí. Mo kí Bàbá Àgbà, mo kí àwọn ìyàwó ilé lápapọ̀, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Làmídì ní ìdí òfì rẹ̀. Mo mọ̀ pé òun ni yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí, nítorí òun nìkan ló mọ̀wé nínú agbo ilé wa. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo ibi tí mo bá ti dárúkọ yín.

Ìwé ìròyìn ni mo fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí, n kò fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Ó nídìí. Nígbà tí mo wálé kẹ́yìn, gbangba ni wọ́n ti fi mí ṣẹ̀sín, níwájú mọ́ṣáláṣí, lójú tọmọdé tàgbà. Wọ́n ní ọmọ ọkùnrin tó fi ilé ahunṣọ sílẹ̀ tó lọ ń fẹ́ná fún òyìnbó, ta ni yóò fọmọ fún un? Wọ́n ní bí ó bá níyàwó tán, ta ni yóò máa dáná fún ta? Ẹ̀gbọ́n mi Làmídì ló rẹ́rìn-ín jù. Ẹ̀yin, ìyá mi, ẹ kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ wọlé, ẹ kò sì jáde mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyẹn ló dùn mí. Ohun tí wọ́n bà jẹ́ ní gbangba, gbangba náà ni mo fẹ́ kí ẹ ti gbọ́ àtúnṣe rẹ̀.

Ara mi le, mo dúpẹ́. Oòrùn ibí yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ ti Ìwó rárá. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ a máa gbóná débi pé ajá pàápàá a máa wá ibòji kiri. Owó oṣù mi ń wọlé déédéé, n kò sì ní sọ iye rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, kí àwọn ìbátan tí n kò mọ̀ rí má baà bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú.

Ilé Alfa Sàláù ni mo wọ̀ sí, lẹ́yìn Ọjà-Ọba. Àgbà onímọ̀ ni. Ohùn àwọn ọmọ kéú rẹ̀ ló ń jí mi láàárọ̀, kí n tó fẹsẹ̀ rìn lọ sí ibùdó àwọn òyìnbó. Ilé tó dára ni, ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún yín, ìdáwà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí níbẹ̀rẹ̀. Àwọn ará ilé máa ń dá mi lóhùn bí mo bá kí wọn, wọn yóò sì bi mí bí ara ti rí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè mí sídìí àwo. Bí mo bá sì gbé oúnjẹ tèmi kalẹ̀, oníkálukú á rántí pé òun ti yó. Wọ́n ń rò pé ọwọ́ tó ń ro ìkòkò nàsárà, bóyá ó ti kan ẹlẹ́dẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí gbogbo ilé bá ń jẹun pọ̀, èmi nìkan a jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, a sì máa ronú ọbẹ̀ yín.

Ọmọ Alfa kan wà, Rábíà lorúkọ rẹ̀. Wàrà ló ń sè tà, ó sì mọ gbogbo àwọn obìnrin Fúlàní tó ń gbé mílíìkì wọ̀lú láti gáà, ibùdó wọn lẹ́yìn ìlú. Òun ló ń bá mi ra mílíìkì tí mo ń lò nílé ọ̀gá mi, òyìnbó tí mo ń se oúnjẹ fún. Lọ́jọ́ kan ó bi mí léèrè ohun tí òyìnbó ń fi mílíìkì tó tó báyìí ṣe, nígbà tí wọn kì í sè é ní wàrà. Mo ní wọ́n ń jẹ ẹ́ ní dídì. Ó wò mí bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹ̀yin náà, kí ẹ má baà rò pé ẹ̀kọ ni mò ń ro. Áísìkiriìmù ni wọ́n ń pè é. N óò se mílíìkì títí yóò fi hó, n óò po pupa ẹyin mọ́ ṣúgà, n óò rọra dà wọ́n pọ̀, n óò sì máa rò ó lórí iná tí kò le títí yóò fi ki díẹ̀. Bí ó bá ti tutù, n óò dà á sínú agolo gígùn kan tó ní ọmọrí. Agolo náà yóò jókòó sínú garawa onígi. Omi dídì tó bá rélùwéè wá láti Èkó nínú èérún pákó àti àpò ìdọ̀họ, n óò fọ́ ọ wẹ́wẹ́, n óò kó o yí agolo náà ká, n óò sì da iyọ̀ lé e lórí. Iyọ̀ yẹn kì í ṣe fún jíjẹ o. Òun ló ń jẹ́ kí òtútù náà mú gan-an. Lẹ́yìn náà ni n óò wá máa yí ọwọ́ irin tó wà lókè garawa, n óò yí i, n óò yí i, títí apá mi yóò fi máa gbọ̀n. Bí ọwọ́ irin bá ti ń wúwo, mílíìkì ti ń dì nìyẹn. Ẹni tó bá ṣí agolo láìkọ́kọ́ nu ọmọrí rẹ̀, tàbí tó jẹ́ kí omi iyọ̀ kún bo ọmọrí, ó ti ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́. Ìyá mi, n kò fọ́nnu, kò sí ọwọ́ míì ní Ìlọrin yìí tó lè ṣe é bí tèmi.

Bí mílíìkì ti ń mú mi bá Rábíà sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ń gùn sí i. Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, mo bẹ àgbà kan ládùúgbò kí ó bá mi sọ fún Alfa pé mo fẹ́ fi Rábíà ṣaya. Alfa kò bínú. Ó ránṣẹ́ pè mí, ó ní òun kò rí àléébù kan nínú ìwà mi. Ó ní ṣùgbọ́n oṣù ààwẹ̀ ń bọ̀, èmi sì ni mo máa wà nídìí oúnjẹ láàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò ti ń gbààwẹ̀. Ta ni yóò mọ̀ bí mo bá bu ṣíbí kan sẹ́nu? Ó ní òun kò lè fi ọmọ òun fún ẹni tí ààwẹ̀ rẹ̀ kò dá òun lójú. Mo ní n óò búra. Ó ní ìbúra rọrùn, òun kò fẹ́ ìbúra. Mo padà sí yàrá mi, n kò mọ ibi tí èèyàn ti ń rí ẹlẹ́rìí fún ohun tí kò jẹ.

Oṣù lé, a bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Kúùkù mùsùlùmí kan tí mo bá ṣiṣẹ́ ní Èkó ti sọ fún mi rí pé ẹni tí oúnjẹ jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ lè fi orí ahọ́n kan ọbẹ̀, kí ó sì tu ú dànù. Bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí, olórí kunkun lẹ bí. Mo pinnu pé kò sí ohun tí yóò kan ahọ́n mi kí oòrùn tó wọ̀, ìbáà jẹ́ iyọ̀, ìbáà jẹ́ ata. Ojú ni mo fi ń mọ ọbẹ̀, imú ni mo fi ń mọ ẹran. Ó sì ń lọ dáadáa títí di ọjọ́ tí ọ̀gá mi pe àlejò.

Àwọn òyìnbó mélòó kan ló ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìrun Àlàásàrì, ọ̀gá sì fẹ́ kí wọ́n rí ohun tí kúùkù òun lè ṣe. Ooru mú, òùngbẹ ń gbẹ mí, omi dídì sì ń yọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo yí ọwọ́ irin náà títí ó fi wúwo. Mo ṣí agolo, mo rí i tó funfun, tó dì, tó dúró. Inú mi dùn. Mo bù ú sínú àwo, Bákàrè sì gbé e jáde. Ọmọ Ìlọrin ni Bákàrè, òun ló ń gbé oúnjẹ sórí tábìlì, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́.

Kò pẹ́, mo gbọ́ igbe orúkọ mi. Mo jáde. Àwọn àlejò ń fi aṣọ nu ẹnu. Ọ̀gá gbé ṣíbí sí mi lọ́wọ́, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní kí n tọ́ ohun tí mo sè wò. Mo wo ẹ̀gbẹ́ àwo, mo rí i bí ó ti ń dán, ni mo rántí pé n kò nu ọmọrí, mo sì mọ̀ pé omi iyọ̀ ti wọ inú agolo. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní ẹ̀bi mi ni, mo ti rí i, ṣùgbọ́n mo gbé ṣíbí náà padà sórí tábìlì. Ọ̀gá ní òun ní kí n tọ́ ọ wò. Mo sọ fún un pé, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, oòrùn kò tíì wọ̀." Ó nawọ́ sí ọ̀nà fún mi. N kò mọ̀ bóyá ilé ìdáná ló ń nà án sí tàbí Ìwó.

Kí ọjọ́ kejì tó rọlẹ̀, Bákàrè ti gbé mi kiri Ọjà-Ọba. Ó ń ṣe bí àwọn òyìnbó ti ń yọ ahọ́n, ó ń ṣe bí mo ti dúró bí ọ̀pá. Àwọn oníṣu ń pè mí ní Oníyọ̀. Rábíà gbé mílíìkì wá, ó gbé e kalẹ̀, ó yíjú padà, ó lọ. Mo mọ̀ pé ó ti gbọ́. Ọ̀gá mi ní tirẹ̀ ti tutù, ó ní kí n máa bá iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kí n máa wá ẹni tí yóò bá mi tọ́ oúnjẹ wò títí oṣù yóò fi parí. Ìyẹn kò tù mí nínú. Mo rò pé baba wo ni yóò fọmọ fún Oníyọ̀?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn Alfa ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá bá òun ṣínu. N kò ṣínu lórí ẹní rẹ̀ rí. Mo débẹ̀, mo bá Bákàrè tó jókòó síbẹ̀, àwọn àgbà ilé sì yí wọn ká. A mu omi, a kírun Mọ̀gàríbì, a padà jókòó. Alfa ní kí Bákàrè tún ìtàn rẹ̀ sọ. Bákàrè sọ ọ́, ó fi iyọ̀ kún iyọ̀, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi ń wo ilẹ̀. Alfa nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó bi Bákàrè pé nígbà tí òyìnbó fún un ní ṣíbí ńkọ́, kí ló ṣe? Bákàrè ní kò gbà á, ó ní oòrùn kò tíì wọ̀. Alfa ní kí ó tún un wí. Ó tún un wí.

Alfa wá kọjú sí àwọn àgbà. Ó ní, "Ẹ̀rí tí mo ń wá, ẹni tó fẹ́ fi í ṣẹ̀sín ló gbé e wá fún mi. Bí ọkùnrin yìí bá ń tọ́ oúnjẹ wò nínú ààwẹ̀, ṣé iyọ̀ yẹn ìbá dé iwájú àlejò?" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Bákàrè fúnra rẹ̀ mi orí. Ní tèmi, mo sunkún, n kò sì tijú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sálà, ọ̀gá mi fún mi ní omi dídì tó ṣẹ́kù nínú àpótí rẹ̀, ó sì yá mi ní garawa náà. Inú àgbàlá Alfa ni mo ti yí i, níṣojú gbogbo ilé. Lọ́tẹ̀ yìí mo nu ọmọrí bí ẹni nu ojú ọmọ tuntun, mo sì tọ́ ọ wò. Ó dùn. Rábíà gbé fúrá jáde, ìyẹn ọkà jéró tí wọ́n sè tí wọ́n gún ní rogodo, ó ní kí n fi áísìkiriìmù náà sí i. Mo fọ́ ọ sínú igbá, mo bu áísìkiriìmù lé e, mo fi mílíìkì tútù là á, ó di ohun mímu. Ìyá mi, kò sí òyìnbó kankan tó tíì mu irú rẹ̀ rí! Mo tún fi omi àjàgbọn ṣe òmíràn, mo bu áísìkiriìmù díẹ̀ léfòó sórí rẹ̀, ó kan dídùn, ó dùn kíkan.

Síbẹ̀, nígbà tí mo tò wọ́n kalẹ̀, kò sẹ́ni tó nawọ́. Wọ́n ń wò ó, wọ́n ń wo ara wọn. Alfa gbé igbá fúrá náà, ó ṣe Bísímílà, ó mu. Ó fọwọ́ bo ẹnu nítorí òtútù eyín, ó sì tún mu. Ó wá gbé ohùn sókè kí ẹni tó wà níta náà lè gbọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ará ilé, ẹ wá jẹun lọ́wọ́ àna mi."

Wọ́n wá, ìyá mi. Gbogbo wọn ló wá. Igbá kò kárí.

Nítorí náà, mo ń fi lẹ́tà yìí bẹ̀ yín, kí ẹ bá Bàbá Àgbà wọ rélùwéè wá tọrọ Rábíà fún mi, kí Alfa lè so yìgì kí òjò tó le. Ẹ̀gbọ́n mi Làmídì, ẹ̀yin náà gbọ́dọ̀ wá, ẹ̀yin lẹ óò ṣe alága wa, ẹ óò sì sọ fún wọn níwájú gbogbo èèyàn pé kúùkù ni àbúrò yín.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé àti ará àdúgbò, ẹ kí àwọn tó fi mí ṣẹ̀sín pẹ̀lú. Kí Ọlọ́run dá yín sí, kí ó jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Ìyá mi, ẹ má se oúnjẹ kankan dání fún ìrìn àjò náà. Láti ọjọ́ tí ẹ ti bí mi lẹ ti ń bu oúnjẹ fún mi. Èmi ni n óò bù ú fún yín lọ́jọ́ náà, níwájú àwọn àna wa, ẹ̀yin lẹ óò sì kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Èmi ni ọmọ yín,
Yésúfù Àjàní,
kúùkù, Ìlọrin.