Ẹ̀rí Ìwòsàn Tí Mo Jẹ́ Ti Kó Bá Ẹlòmíì

Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni mo pa nínú ṣọ́ọ̀ṣì, níwájú pẹpẹ, máíìkì lọ́wọ́ mi, àtọjọ́ náà ni mi ò ti mọ bí mo ṣe máa kó o jẹ. Admin, ẹ má fi orúkọ mi sí i o. Narayi ní Kaduna níbí ni mò ń gbé, gbogbo wa la mọra wa.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí, òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, mo lọ́kọ, mo bímọ mẹ́ta. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí ara ti ń ro mí... kì í ṣe èyí tí èèyàn ń lo Panadol sí o. Lónìí èjìká, lọ́la ìbàdí, lọ́túnla gbogbo ara bí ẹni tí wọ́n lù. Mo máa sùn dáadáa, mo sì máa jí bí ẹni tó ru bulọ́ọ̀kù mọ́jú. Mo máa jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì, mo máa gbàgbé ohun tí mo fẹ́ tẹ̀. A ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀, a ya X-ray, wọn ò rí nǹkan kan. Mo mọ ìgbà tí ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ọ̀lẹ ni mí. Dókítà obìnrin kan ní Ungwan Dosa ló wá fọwọ́ tẹ̀ mí káàkiri ara, tó ní fibromyalgia ló ń jẹ́, pé kì í ṣe àròsọ mi, pé ara mi ló ń gbọ́ ìrora ju bó ṣe yẹ kó gbọ́ ọ lọ. Kò ní pa mí, àmọ́ kò sí oògùn tó máa lé e lọ pátápátá. Ó fún mi ní oògùn tí mò ń lò lójoojúmọ́, ó ní kí n máa rìn díẹ̀díẹ̀ láràárọ̀, kí n máa sùn lásìkò kan náà. Ó wá kìlọ̀ fún mi pé ọjọ́ tí ara bá fúyẹ́, kí n má kó iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ṣe o, pé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń wá, ó sì máa ń lọ.

Ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa. Màmá yìí fẹ́ràn mi, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Àìsàn tí tẹ́ẹ̀sì ò rí, wọ́n ní iṣẹ́ ayé ni. Ọjọ́ méje ni wọ́n fi gbààwẹ̀ nítorí mi, àgbàlagbà tó ti lé láàádọ́rin ọdún. Ààwẹ̀ parí ní Sátidé, ìgbà tó di àárọ̀ Sunday mo jí, ara mi fúyẹ́. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń dúró kí màmá, mo kàn máa ń tẹ̀ díẹ̀ ni, ẹ sì mọ ohun tíyẹn jẹ́ láàárín wa. Mo kúnlẹ̀ kí wọn lọ́jọ́ náà, mo dìde láìdi ògiri mú. Màmá bú sẹ́kún. Nígbà tá a dé ṣọ́ọ̀ṣì, kí n tó mọ̀, wọ́n ti pè mí síwájú ìjọ pé kí n wá jẹ́rìí. Mo mọ ohun tí dókítà sọ nípa irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Àmọ́ kí ni kí n sọ? Mo ní mo ti gba ìwòsàn, pé mi ò nílò oògùn mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kan ilẹ̀, mo jó.

Ní Tuesday, mi ò lè gbé ìkòkò kúrò lórí iná. Ó di oṣù mẹ́ta báyìí. Inú agolo kọ́sítáàdì ni mò ń tọ́jú oògùn mi sí, bí mo bá fẹ́ jáde màá kó díẹ̀ sínú báàgì. Mò ń kúnlẹ̀ kí màmá láràárọ̀, mò ń rẹ́rìn-ín, màá wá wọ balùwẹ̀ lọ sunkún. Wọ́n ti tìtorí mi fi màmá ṣe olórí ẹgbẹ́ aládùúrà. Àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Hausa pàápàá, tí wọ́n bá béèrè pé ya jiki, ìyẹn báwo lara, mo ń sọ fún wọn pé ó ti lọ.

Irọ́ yẹn ì bá jẹ́ tèmi nìkan... Obìnrin kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, Ìyá Dàpọ̀, àìsàn kan náà ló ń ṣe wá. Èmi fúnra mi ni mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà mi lọ́dún tó kọjá, keke kan náà la jọ wọ̀. Ó ti ń gbádùn díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀rí mi, ó da oògùn tiẹ̀ nù sí ṣáláńgá, ó ní tí Ọlọ́run bá ṣe é fún mi láìlo oògùn, ìgbàgbọ́ tòun ló kéré. Kò sùn mọ́, òyì ń kọ́ ọ, kò lè ya irun orí ara rẹ̀. Sátidé tó kọjá ọkọ rẹ̀ wá pè mí pé kí n wá gbàdúrà fún un. Màmá tẹ̀ lé mi lọ. Ìyá Dàpọ̀ bi mí pé báwo lòun ṣe máa gba irú tèmi, mo ní kó máa gbà gbọ́. Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́.

Tí mo bá jẹ́wọ́, ibo ni màmá máa fojú sí láàárín ìjọ? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, pàápàá lójú àgbàlagbà. Tí mo bá dákẹ́ ńkọ́? Ṣé màmá ni kí n kọ́kọ́ sọ fún ni, àbí kí n lọ bá Ìyá Dàpọ̀ ní bòókẹ́lẹ́, àbí kí n padà gba máíìkì yẹn lọ́jọ́ Sunday tó ń bọ̀? Ẹ bú mi tẹ́ ẹ bá fẹ́, àmọ́ ẹ tètè dá mi lóhùn. Irú oògùn tí Ìyá Dàpọ̀ dà nù yẹn gan-an ló wà nínú báàgì tí mo gbé kọ́ èjìká nígbà tí mo gbọ́wọ́ lé e lórí.