Ìwé Tí Mo Gé Létí

Yàrá Ìwé,
Ilé Bàbá Wa,
Ọjọ́ Sátidé, lọ́wọ́ ìyálẹ̀ta.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ púpọ̀púpọ̀. Mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ, pàápàá àbígbẹ̀yìn yẹn tí mo gbọ́ pé eré rẹ̀ ti yá ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ agbẹ̀bí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn tó. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ara líle, kí o sì rí àyè jókòó kà á. Àwa náà ń bẹ. Bàbá ń jẹun, wọ́n ń rìn yíká ọgbà, wọ́n sì ń bá rédíò jiyàn bí ìṣe wọn. Ojú wọn nìkan ni ó ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń rí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, wọ́n sì ń dá ènìyàn mọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n wọ́n ní lẹ́tà inú ìwé ti di èèrà tí a da omi sí ihò wọn.

Nítorí èyí, èmi ni mo ń kàwé fún wọn báyìí, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ ìtẹ̀wé dé lọ́sàn-án. Láti ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ yìí ni o kò ti wọ yàrá yìí mọ́. Bí o bá wá kí Bàbá, ìta gbàgede ni o máa ń jókòó sí títí tí ọkọ̀ rẹ yóò fi dé. Jẹ́ kí n ròyìn rẹ̀ fún ọ. Kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ṣì wà lẹ́yìn àga Bàbá. Ìdìpọ̀ mẹ́rìnlélógún ìwé òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ náà, ẹni tó gbé ayé nígbà Ọbabìnrin Fikitóríà, ṣì tò síbẹ̀, awọ ewúrẹ́ lẹ́yìn wọn, wúrà lára awọ náà. Ìwọ lo sọ òǹkọ̀wé náà ní Bàbá Onírùngbọ̀n nítorí àwòrán rẹ̀ tó wà lábẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn. O máa ń kí i kí o tó ṣí ìwé: "Ẹ káàsán o, Bàbá Onírùngbọ̀n. Ẹ tún ti sá fún onígbàjámọ̀!" Bàbá á rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú wọn.

Ọ̀ọ́dúnrún péré ni wọ́n tẹ̀ nínú ẹ̀dà náà, wọ́n sì fi ọwọ́ kọ nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n tú lẹ́tà òjé tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà lè tẹ òmíràn mọ́ títí ayé. Ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni mo ti ń jẹun láti ìgbà tí mo ti dàgbà, síbẹ̀ bí mo bá rántí èyí, orí mi a wú. Bí mo bá gbé ojú ewé kan sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, mo máa ń rí àmì àwọn tó fi ọwọ́ ṣe bébà náà nínú rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá rí ìṣàn ẹ̀jẹ̀ nínú àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tuntun. Ìwọ tí o ń gbẹ̀bí á mọ ohun tí mò ń sọ.

O sì mọ bí Bàbá ṣe kó wọn jọ. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ni wọ́n rà nígbà tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ apòògùn lókè òkun. Ẹni tó ni odindi wọn tẹ́lẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti pín wọn láàárín ara wọn bí ẹran. Bàbá kò gbà kí ó rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń kọ̀wé sí àwọn olùtàwé káàkiri, kì í ṣe pé wọ́n ń béèrè ìwé òǹkọ̀wé náà lásán, nọ́ńbà kan náà, igba ó lé mọ́kànlá, ni wọ́n ń wá. Wọ́n ní ọmọ ìyá kan ni àwọn ìwé náà, kò yẹ kí wọ́n kú sí ilé onílé. Bí ọ̀kan bá dé, Bàbá á wẹ ọwọ́, wọ́n á pààrọ̀ aṣọ, kí wọ́n tó tú okùn ara rẹ̀. Ìyá wa, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, á ké láti ilé ìdáná pé, "Ìyàwó kejì ti dé o! Ẹ bá mi gbé ẹrù rẹ̀ wọlé!"

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu jù lọ ni pé ẹnikẹ́ni kò tíì ka púpọ̀ nínú wọn rí. Àwọn tó dì wọ́n ká bébà, wọ́n rán an, wọ́n sì fi etí ojú ewé rẹ̀ sílẹ̀ ní síso mọ́ra, láìlà. Ní ọjọ́ Àìkú, ìwọ ni Bàbá máa ń fún ní ọ̀bẹ egungun tí wọ́n fi ń là á. Mo máa ń gbọ́ ohùn wọn láti ẹnu ọ̀nà: "Rọra là á. Láti ìgbà tí wọ́n ti rán an, ìwọ ni ojú àkọ́kọ́ tí yóò kan ibí yìí." O kì í mí. Bí bébà náà bá là, etí rẹ̀ á rí ṣákaṣàka, bí ohun tí eku fi eyín kàn. Bàbá fẹ́ràn etí ṣákaṣàka yẹn. Wọ́n ní ìwé tó bá ní etí ń gbọ́ ohun tí ẹni tó ń kà á ń sọ.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Pọlitẹ́níìkì ni mo wà nígbà náà, tí mò ń kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé àti ìdìwé. Olùkọ́ wa máa ń sọ ọ́ títí ó fi di orin lẹ́nu wa pé ìwé tí etí rẹ̀ kò bá dọ́gba, iṣẹ́ tí a kò parí ni. Nígbà tí mo wálé fún ìsinmi, wọ́n gbà mí sí ilé ìtẹ̀wé kan lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ kí n fi ojú kọ́ iṣẹ́, ẹ̀rọ ìgéwé ńlá kan sì wà níbẹ̀. Mo wo àwọn ìwé Bàbá, àánú wọn ṣe mí. Mo rò pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kò rí irin iṣẹ́ gidi lò ni. Kí n má parọ́ fún ọ mọ́, ohun mìíràn tún wà nínú rẹ̀: ẹnu ọ̀nà ti sú mi. Mo fẹ́ kí Bàbá pe èmi náà wọlé lọ́jọ́ Àìkú kan, kí wọ́n ní, "Wo ohun tí ọmọ mi ọkùnrin ṣe."

Mo mú ìdìpọ̀ kẹtàdínlógún, mo fi aṣọ wé e, mo gbé e lọ. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún, òun nìkan ni òǹkọ̀wé náà fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi kò kàn wo ibi tí ìfọwọ́sí náà parí sí ni. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ irin, abẹ ẹ̀rọ náà sọ̀ kalẹ̀, mo yí i, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Ìwé náà jáde, ó ń dán bí ọṣẹ tuntun. Inú mi dùn, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa á lára. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ láti gbá ìrépé bébà tó bọ́ sílẹ̀ ni mo rí ọ̀kan tí yíńkì wà lára rẹ̀. Ìlà gígùn tí òǹkọ̀wé náà fà sábẹ́ orúkọ rẹ̀ ni. Ìka ẹni tó ti kú kí a tó bí bàbá bàbá wa ló fà á, ó la òkun kọjá, ó bọ́ lọ́wọ́ iná àti ikán, èmi ni mo wá gé e sílẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Mo jókòó sílẹ̀ láàárín ìrépé yẹn.

Mo dá ìwé náà padà, mo panu mọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni ìwọ kó àwọn ìwé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ lọ sọ́dọ̀ adìwé ìkóríta pé kí ó rán wọn, kí ó sì gé etí wọn. Nígbà tí Bàbá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ní ọjọ́ Àìkú, ìwọ náà rántí bí wọ́n ṣe ń fi ìka tọ etí ìwé tó ti dán náà. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè: "Ìwọ tí o ń kọ́ iṣẹ́ ìwé, kí ló ṣe èyí?" Mo ní, "Ẹ̀rọ ìgéwé ni, Bàbá. Irú èyí tó máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù adìwé." Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kì í ṣe òótọ́, odindi rẹ̀ sì jẹ́ irọ́. Bàbá wá yíjú sí ọ: "Ta ló lọ sí ṣọ́ọ̀bù adìwé lọ́sẹ̀ yìí?" O ní, "Èmi ni, Bàbá, ṣùgbọ́n ìwé tèmi ni mo kó lọ." Wọ́n ní, "Ṣé mo bi ọ́ ní ṣùgbọ́n?" Wọ́n sì na ọwọ́ gba ọ̀bẹ egungun náà. O wò mí. Mo wo ilẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ọmọ àǹtí wa sọ ọ́ ní Alábẹ. Bí o bá ti yọjú níbi ìpàdé ẹbí, wọ́n á pariwo pé, "Ẹ kó ìwé yín pamọ́ o, Alábẹ ń bọ̀!" Títí di ìgbéyàwó rẹ ni wọ́n ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tèmi ló ń ga jù, nítorí ẹni tó bá dákẹ́ ni wọ́n á wò lójú.

Ohun tó mú mi jẹ́wọ́ nìyí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá sọ fún mi pé lọ́yà ń bọ̀ wá kọ ìwé ìpíngún, àti pé gbogbo ìwé náà, tèmi ni. Wọ́n ní, "Ìwọ lo mọ iyì ìwé. Àbúrò rẹ, ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n kò mọ iyì wọn." Mo ń gbọ́, mo sì mọ̀ pé bí mo bá lè gba èyí, kò sí ohun tí n kò ní lè gbà láyé mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ẹní, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, láti ilé ìtẹ̀wé títí dé orí ẹ̀rín. Mo yọ ìrépé náà jáde láti inú pọ́ọ̀sì mi. Láti ọdún wọ̀nyí wá ni mo ti ń gbé e kiri, n kò lè jù ú nù, n kò sì lè fi í han ẹnikẹ́ni. Bàbá ní kí n gbé ìdìpọ̀ kẹtàdínlógún wá. Èmi ni mo fi ìrépé náà sí ìdí ojú ewé, wọ́n sì fi ìka wá a kiri. Ìlà náà kan orúkọ náà bí ìgbà tí omi bá pàdé omi.

Bàbá wá béèrè pé, "Ṣé àbúrò rẹ sunkún lọ́jọ́ náà?" Mo ní, "Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ, Bàbá." Wọ́n ní, "Mo gbọ́ ọ. Mo rò pé ẹkún ẹlẹ́ṣẹ̀ ni." Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Dìde. Kì í ṣe èmi ni o ṣẹ̀ jù." Wọ́n gba fóònù, wọ́n pe àǹtí wa níṣojú mi: "Ọmọ tí ẹ ń pè ní Alábẹ, kò gé nǹkan kan rí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ẹ sọ fún gbogbo ẹni tó bá yín rẹ́rìn-ín." Wọ́n pe lọ́yà náà pé kó ní sùúrù. Ìdìpọ̀ kẹrìnlélógún ṣì wà láìlà. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ náà. Bàbá ní bí o kò bá wá là á, kí a sin àwọn kí a tó sọ̀rọ̀ ìwé kankan.

Àbúrò mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí. Bẹ́ẹ̀ ni, "ẹ" ni mo pè ọ́, èmi tí mo pọ̀n ọ́ sẹ́yìn rí. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìwọ ni àgbà, nítorí o ru ẹrù ẹlẹ́rù, o kò sì fi ṣépè fún ẹnikẹ́ni. N kò ní kí o tètè dá mi lóhùn, n kò sì ní kí o bá mi rẹ́rìn-ín bí o bá dé. Bí o bá fẹ́ kí n kúrò nílé lọ́jọ́ tí o bá ń bọ̀, sọ ọ́, èmi yóò lọ. Ṣùgbọ́n wá, nígbà tí ojú Bàbá ṣì lè rí ọ lẹ́nu ọ̀nà.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ọwọ́ tí o fi ń gba ọmọ ọlọ́mọ máa rọ̀ títí ọjọ́ alẹ́ rẹ. Àwọn ọmọ tìrẹ kò ní ru ẹ̀bi ẹlẹ́bi. Ẹnu tó bà ọ́ lórúkọ jẹ́ yóò pẹ́ láyé tó láti tún un ṣe.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, ọmọ ìyá rẹ, tó jẹ ọ́ ní òtítọ́.

Àfikún: Bàbá ní kí n fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ ìwé yìí fún àwọn. Wọn kò jẹ́ kí n di ọwọ́ wọn mú. Bí ìlà wọn bá wọ́, mọ̀ pé ojú ni.

Ọmọ mi obìnrin, wọ́n ní agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan. O ní ṣùgbọ́n, mo dí ọ lẹ́nu. Máa bọ̀ wá parí rẹ̀. Mò ń gbọ́. Bàbá rẹ.