Ta Ló Fa Ìlà sí Àárín Òkè-Ṣìrì?

Ilé Ọpẹ́fólúwa,
Ìhà Ọ̀sà, Erékùṣù Òkè-Ṣìrì,
Lọ́nà Awoye,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2025.

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara? Báwo ni ẹ̀kọ́? Ṣé òtútù ibẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ nítorí abọ́ tí o ń fọ̀ nílé oúnjẹ yẹn ti fi ọ́ sílẹ̀? Ara èmi le, ara àwọn ọmọ náà le. Bàbá rẹ ń jẹun dáadáa, ó ń ráhùn orúnkún, ó sì ń bú òkun láràárọ̀ bí ẹni pé òkun gbọ́ èdè. Ìyá mi ní kí n bi ọ́ bóyá o ti rí edé rà níbẹ̀. Mo ti bi ọ́ o.

Ẹnu á yà ọ́ pé bébà ni mo fi kọ̀wé sí ọ, èmi tí n kì í pa ẹnu mọ́ lórí Wásáàpù. Mo ní ìdí. Dayọ̀, àbúrò Jọọlá ọ̀rẹ́ wa, tó ń padà sí ilé ẹ̀kọ́ lọ́hùn-ún, ló bá mi mú un dání. Mo lẹ̀ ẹ́ pa, mo sì fi òwú dúdú rán etí rẹ̀. Kí o tó ṣí i, wò ó dáadáa. Bí òwú yẹn bá ti já, tàbí tí ó jẹ́ àwọ̀ mìíràn, a jẹ́ pé ẹnìkan ti kà á ṣíwájú rẹ. Mo fẹ́ràn Dayọ̀, ṣùgbọ́n lásìkò yìí, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà fún ẹnikẹ́ni.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí mo bi ọ́ pé kí ló pín Kípírù tí o wà yìí sí méjì, Kípírù tí a ń kà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì? O sọ ohun tí bàbá tó ń ta búrẹ́dì ládùúgbò yín sọ fún ọ. Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, Gíríìkì àti Tọ́kì jọ ń gbé abúlé kan náà. Gẹ̀ẹ́sì fún erékùṣù náà ní òmìnira ní 1960, ṣùgbọ́n wọ́n di ibi méjì mú lórí ilẹ̀ náà, wọ́n gbé ẹ̀rọ síbẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè yòókù. Amẹ́ríkà náà fẹ́ gbọ́, Rọ́ṣíà náà ń yọjú. Gíríìkì ń kó ìbọn ránṣẹ́ sí àwọn tirẹ̀, Tọ́kì ń kó ránṣẹ́ sí àwọn tirẹ̀. Nígbà tí ìjà bẹ́, ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì kan fi gègé aláwọ̀ ewé fa ìlà la àárín olú ìlú wọn lórí máàpù. Ní 1974, àwọn ológun tó ń ṣe ìjọba ní Gíríìkì ti àwọn kan lẹ́yìn, wọ́n dìtẹ̀ gbàjọba. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọmọ ogun Tọ́kì fi gúnlẹ̀. O ní títí di òní, wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ohun tí Amẹ́ríkà mọ̀ tó fi dákẹ́. Ilé tí wọ́n bí bàbá oníbúrẹ́dì sí kò ju wákàtí kan lọ síbi tó ń gbé, ó sì tó bí ọgbọ̀n ọdún kó tó tún fojú kàn án.

Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Mo ní ta ni yóò jẹ́ kí àlejò fa ìlà sí àárín òun àti aládùúgbò rẹ̀? Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, ọkùnrin kan gúnlẹ̀ síbí. Ọmọ ilẹ̀ wa ni, Yorùbá rẹ̀ já gaara. Ó ní òun ń kọ̀wé lórí bí òkun ṣe ń jẹ ilẹ̀ ní Ayétòrò àti lọ́dọ̀ wa, pé ìwọ lo júwe mi fún òun. Bó ṣe rí mi, ó ní, “Ìyá Ìbéèrè, ẹ kú iṣẹ́.” Orúkọ yẹn ló jẹ́ kí n tú ara sílẹ̀. Ìwọ nìkan lo ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pè mí láyé yìí, orí fóònù nìkan lo sì ti ń pè é. Mo gbà pé ará ilé ni. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi wa ọkọ̀ gbé e yí ìlú ká, tí mo ń fi ẹja tútù se ọbẹ̀ fún un.

Ó wá bọ́ sí àsìkò tí a fún omi ní ìsinmi. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, ogójì ọjọ́ tí a kì í da àwọ̀n sínú omi tóóró tó wà láàárín Ìhà Òkun àti Ìhà Ọ̀sà, kí ẹja lè yé, kí ọmọ ẹja lè dàgbà. Ìhà méjèèjì ti jọ ri òpó, wọ́n ti jọ so màrìwò mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀ omi náà dé òpin rẹ̀, pásítọ̀ sì ti gbàdúrà sí i. Ọkùnrin náà nawọ́ sí màrìwò, ó bi mí pé kí ni. Mo ní, “Ẹnikẹ́ni kì í kọjá ibẹ̀.” Àwọ̀n ni mo ń sọ. Mi ò sọ fún un pé ọkọ̀ ń kọjá, ènìyàn ń kọjá, pé tó bá di ọjọ́ kọkànlélógójì a óò fa gbogbo òpó náà tu, a óò sì jọ pa ẹja. Ta ló ń ṣàlàyé irú ìyẹn fún ará ilé? Ó fi ẹ̀rọ kékeré kan ṣàkọsílẹ̀ ibi tí òpó kọ̀ọ̀kan wà. Èmi ni mo ń dá ọkọ̀ dúró fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kọ̀ọ̀kan.

Ní oṣù kẹta ọdún yìí ni iléeṣẹ́ epo méjì dé, tí orílẹ̀-èdè ńlá méjì tí kò gbọ́ra wọn yé wà lẹ́yìn wọn. Ọ̀kan pe Ìhà Òkun sípàdé, èkejì pe àwa Ìhà Ọ̀sà. Máàpù kan náà ni wọ́n tẹ́ sórí tábìlì níbi ìpàdé méjèèjì, ìlà pupa sì wà lórí rẹ̀ láti òpó dé òpó. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ààlà ẹ̀yà méjì ni. Ẹ̀yà méjì, àwa tí a jọ ń sin òkú, tí a jọ ń sọ ọmọ lórúkọ. Wọ́n sọ fún Ìhà Òkun pé àwa ti fọwọ́ síwèé láti gba ilẹ̀ wọn. Wọ́n sọ fún wa pé Ìhà Òkun ń mọ ògiri tí yóò darí òkun kọlù wá. Mo bi ìyá mi tó ń gbé ní Ìhà Òkun, kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìhà kọ̀ọ̀kan ti ní ẹ̀ṣọ́ tó ń gun ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, ọkọ mi Ọpẹ́fólúwa sì wà lára tiwa. Lọ́dún yìí, ẹnikẹ́ni kò so màrìwò, nítorí ìhà kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rù pé bí òun bá ri òpó, òun ti gbà pé ààlà ni. Ọmọ ẹja tí kò ju èékánná lọ ni wọ́n ń kó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ẹ̀ṣọ́ Ìhà Ọ̀sà dá ọkọ̀ ìyá mi dúró lójú omi yẹn, wọ́n tú agbọ̀n edé rẹ̀ wò, wọ́n ní bóyá ó gbé ìwé pamọ́ síbẹ̀. Ẹni tó tú u wò, ìyá mi ló gbẹ̀bí rẹ̀. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó ṣa edé tó dà sílẹ̀, ó yí ọkọ̀ padà, ó lọ sílé. Ó dùn mí wọ egungun.

Ní báyìí, wọ́n ń wá ẹni tó tà wá. Orúkọ rẹ ni wọ́n ń dá, torí orúkọ rẹ náà ni ọkùnrin yẹn ń dá kiri. Wọ́n ní ta ló ń rán ọ nílé ìwé ní erékùṣù àwọn amí? Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, àgbà ìhà méjèèjì yóò jókòó, wọn yóò sì pe bàbá rẹ jáde. Bí kò bá lè wẹ̀ ọ́ mọ́, kí ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Òkè-Ṣìrì, arúgbó tó ń lọ sí ọgọ́rin ọdún. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Mo dákẹ́, ojú sì ń tì mí títí di àkókò yìí.

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, ṣé ìwọ lo rán ọkùnrin yẹn? Má bínú sí mi. Bí kì í bá ṣe ìwọ, a jẹ́ pé ẹnìkan ń gbọ́ ohun tí a ń sọ lórí fóònù, ìyẹn sì ń bà mí lẹ́rù ju bí ìwọ bá rán an lọ. Má pè mí. Bí ìwọ bá ni, kí mi kú ọjọ́ ìbí lórí Wásáàpù. Bí kì í bá ṣe ìwọ, kí mi kú ọdún. Kò sí ọdún, kò sí ọjọ́ ìbí, èmi nìkan ni yóò yé. Wò ó, èmi náà ti ń ṣe bí amí.

Èyíkéyìí tó bá jẹ́, èmi ni n óò dìde ní Sátidé yẹn, kì í ṣe bàbá rẹ. N óò sọ fún wọn pé èmi ni mo wa ọkọ̀ tó gbé ọkùnrin náà láti òpó dé òpó. Ìyá mi nìkan ni mo tíì sọ fún. Ó ní, “Ọma mi, ọkọ rẹ ńkọ́?”

Bá mi kí àwọn ọmọ ilé wa tó wà lọ́hùn-ún, kí o sì kí bàbá oníbúrẹ́dì. Fún Dayọ̀ ní oúnjẹ tó gbóná.

Ọpẹ́fólúwa mọ̀ pé mo gba àlejò, ṣùgbọ́n kò tíì mọ nǹkan kan nípa òpó. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ilé wa, ó gbé awò ìwo-ọ̀nà-jíjìn tí iléeṣẹ́ epo fún un sójú. Ilé ìyá mi ló ń wò.

Èmi ni, tìrẹ síbẹ̀síbẹ̀,
Rhoda.