Ilé Pákó Ìyá Àgbà ní New Bell

Ajé, 3 Máàṣì 2025
Sìmẹ́ńtì tún dé láti ilé rẹ̀ ní Ndogbong. Tonton Adélàjà ni o, àkọ́bí Ìyá Àgbà — kò lè sọ̀rọ̀ mẹ́ta kó má dárúkọ sìmẹ́ńtì. Ó mú Victor tó fẹ́ ra ilé wá. Victor ń wọn ilé bí ẹni ń wọn òkú fún pósí. Sìmẹ́ńtì ní ilé pákó lásán ni, láti 1951, ìkán ló kù kó máa gba háyà níbẹ̀. Wọ́n á gba yàrá kan fún Ìyá Àgbà ní PK8, lẹ́yìn ìlú.

Ìyá Àgbà ń ṣa ẹ̀wà lọ. Ó kàn béèrè pé, "Ta ni mo mọ̀ ní PK8?" Victor ṣì ń wọn ilé lọ.

Nígbà tí wọ́n lọ, mo sín Sìmẹ́ńtì jẹ, tikùn tikùn. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín tán. Omi ò dá.

Ìṣẹ́gun, 4
Mo yá fóònù Aurélien ọ̀rẹ́ mi. Mo fi ohùn ọ̀gá iléèwé tó lé mi pe Sìmẹ́ńtì — Faransé inú imú. "Allô! Ọ́fíìsì ohun ìṣẹ̀ǹbáyé!" Mo ní ìjọba ti ka ilé náà mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹni bá wó o, ẹ̀wọ̀n. "Oui, chef. Oui, chef." "Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá" yìí, ó wí i nígbà mọ́kànlá. Aurélien ki aṣọ bọ ẹnu.

Ọjọ́bọ̀, 6
Victor ò wá mọ́. Orí mi wú.

Àbámẹ́ta, 8
Yéè! Ó ṣiṣẹ́ jù. Sìmẹ́ńtì ti kó búlọ́ọ̀kù dé. Ó ní àlejò ìjọba ò gbọdọ̀ wá bá pákó jíjẹrà, òun á yọ gbogbo iwájú ilé kí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lè di tuntun!

Mo sáré pè é: má fọwọ́ kan nǹkan kan! "Oui, chef. Ibo lọ́fíìsì yín wà, kí n wá dúpẹ́?" Mo pa fóònù.

Ajé, 10
Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Mo gbàgbé pé wọ́n kọ́ Sìmẹ́ńtì bẹ́ẹ̀. Ó gbé àkùkọ ààyè, ó wá ọ́fíìsì kiri títí ó fi rí i. Wọ́n ní àwọn ò pe ẹnikẹ́ni. Àkùkọ já, ó fò sórí tábìlì, ó ya ìgbẹ́ sórí fáìlì. Obìnrin kan ṣoṣo, Madame Manuella, ló béèrè pé, "Ilé wo ná?"

Sìmẹ́ńtì ní tóun bá mọ ẹni tó pe òun, òun á wó ilé náà lé e lórí. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Tonton, ẹ ní sùúrù." Ohùn ara mi ni mo fi sọ ọ́.

Ọjọ́rú, 12
Madame Manuella dé. Ó wo òrùlé, ó wo fèrèsé. Kò rí nǹkan. Ojú ilé náà tì mí. Àfi ìgbà tó dé pálọ̀: ìṣó lára ògiri, yanturu, wọn ò fi wọ́n kọ́ aṣọ. Ó béèrè pé kí lèyí?

Ìyá Àgbà ń sọ, mo ń túmọ̀. Ẹni tó bá ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé tí kò mọ ẹnì kan, pálọ̀ yìí ló máa sùn. Ọjọ́ tó bá gba yàrá tiẹ̀, á kan ìṣó kan kó tó kó jáde. Télọ̀, onígbàjámọ̀, oníbàtà. Ó ń fọwọ́ kàn wọ́n, ó ń dárúkọ wọn. Mẹ́tàlélọ́gọ́fà. Madame ní irú èyí làwọn ń wá, ṣùgbọ́n àkọ́bí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé àwọn ò ní tà á.

Sìmẹ́ńtì fò dìde: "Mi ò fọwọ́ sí nǹkan kan!"

Ìyá Àgbà ní, "Adélàjà, ìṣó tìẹ dà?"

Ó wo ògiri yí ká. Ogún ọdún ló ti wà ní Ndogbong, kò kan ìṣó kankan kó tó lọ.

"O ò tíì kúrò nílé nìyẹn. Ọmọ tó wà lábẹ́ ìyá rẹ̀ kì í ta ilé mọ́ ọn lórí."

"Ẹ gbé òòlù wá! Mo máa kàn án báyìí!"

"Kàn án. Ẹni tó ti kó jáde, ilé ta ló fẹ́ tà?"

Ó gbé òòlù sókè. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Òógùn. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó gba bírò, ó fọwọ́ sí i.

Lẹ́nu ọ̀nà, Madame fà mí létí: "Obìnrin ni gbogbo wa lọ́fíìsì. Ta wá ni chef ọkùnrin yẹn?" Mo wo bàtà mi.

Ọjọ́bọ̀, 13
Ìyá Àgbà ránṣẹ́ sí Sìmẹ́ńtì láàárọ̀: ọmọ tó ń gbélé ló ń pọnmi. Ó wà lórí ìlà nídìí ẹ̀rọ báyìí pẹ̀lú korobá, àwọn ọmọ kéékèèké mẹ́fà ló wà níwájú rẹ̀.