Ìjókòó Bàbá Tinúọlá Nínú Agbo Orin Wa

Sí Ìyáàfin Oyèníkẹ́ Ajíbóyè, Tinúọlá àti gbogbo ẹbí, ní Àgídìngbì.

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn ni gbogbo àwa ọmọ Ẹgbẹ́ Ohùn Tútù, Oregun, fi ń bá yín dárò Olóògbé Olúgbénró Ajíbóyè, tí wọ́n ń ta sẹ́lò fún wa, ohun èlò olókùn ńlá tí wọ́n máa ń gbé sáàárín orúnkún wọn. Ikú wọn dùn wá gan-an.

Àwọn ni wọ́n ní kí á máa ṣe agbo orin kékeré nínú ilé ìkẹ́rùsí tó ṣófo, kí àwọn olùgbọ́ sún mọ́ wa débi tí wọ́n á fi máa gbọ́ mímí wa. Àwọn náà ló ní kí orin Jámánì tó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún ṣíwájú, kí orin tí ọmọ Èkìtì ìgbà tiwa kọ sì tẹ̀ lé e. Àwọn kan fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rín ni Bàbá Tinúọlá fi dá wọn lóhùn.

Ní agbo àkọ́kọ́, gbogbo ilé dákẹ́ jẹ́ẹ́ títí sẹ́lò fi mú ohùn orin ìjọ kan tó wà nínú orin tuntun náà. Ni màmá àgbà kan bá gbé e. Kí á tó mọ̀, gbogbo ènìyàn ti ń kọ ọ́. Ojú tì wá, à ń ṣẹ́jú sí Bàbá pé kí wọ́n dá wọn lẹ́kun. Wọn ò tiẹ̀ dáwọ́ dúró. Wọ́n kàn ní, “Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ jàre. Ṣebí tiwọn ni.” Láti ọjọ́ náà la ti ń fi àyè sílẹ̀ fún àwọn olùgbọ́ nínú orin tó kẹ́yìn.

Màmá, a gbọ́ pé ẹ fẹ́ dá sẹ́lò náà padà fún ẹgbẹ́, nítorí Tinúọlá kò fọwọ́ kàn án mọ́ láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a padà. Ẹgbẹ́ ti fi ta Tinúọlá lọ́rẹ, a ó sì máa bá a lọ lórí ẹ̀kọ́ sẹ́lò tí bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, láìgba kọ́bọ̀.

Agbo oṣù tó ń bọ̀ yóò wáyé. Alhaji Nùréènì, tí ilé iṣẹ́ ike wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ti ní àwọn á pa ẹ̀rọ títí a ó fi parí, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nítorí Bàbá. A ò ní fi ẹlòmíì sí ìjókòó wọn. Bí Tinúọlá bá lè wá, tirẹ̀ ni. Bí kò bá tíì lè wá, àwọn olùgbọ́ yóò fi ẹnu kọ ti sẹ́lò títí yóò fi dé.

Kí Ọlọ́run nu omijé yín nù, kó dúró ti ilé yín, kó sì jẹ́ kí àwọn ará Àgídìngbì tún máa gbọ́ sẹ́lò láti ojú fèrèsé yín. Àmín.

Adérìnsọ́lá Fágbèmí,
Akọ̀wé, lórúkọ Ẹgbẹ́ Ohùn Tútù.