Bí Ẹ Bá Ti Tún Gèlè Wé

Màámi ọ̀wọ́n,

Ọmọ yín ọkùnrin ló ń kọ̀wé yìí láti Kétu. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ ọ́. Ẹ mọ̀ pé ìwé kẹta ni mo ti kúrò nílé ẹ̀kọ́, nítorí náà ẹ má wo bí ìkọ̀wé mi ṣe ń rìn wọ́gọwọ̀gọ. Àwọn tó kàwé jù mí lọ pọ̀ tí wọn ò rí ilé kọ́.

Ẹ mọ ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Orí ni mo fi ń ru àpò àlùbọ́sà ní Mile 12, láti ẹ̀yìn tírélà dé ìsọ̀. Lónìí, èmi ni àwọn awakọ̀ tó ń bọ̀ láti òkè Ọya máa ń béèrè kí wọ́n tó tú ẹrù. Bí ẹ bá dé Ìkòsí, tí ẹ béèrè Bàbá Alálùbọ́sà, ọmọdé á mú yín dé ẹnu ọ̀nà mi. Mo sin yín bí wọ́n ṣe ń sin ìyá olówó. Mi ò sunkún lọ́jọ́ náà. Àwọn èèyàn ní ọkùnrin ni mí. Mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn ni.

Nínú oṣù August tó kọjá, tí àwọn ọmọ ilé ìwé wà ní ọlidé, ìjọ wa kó àwọn akàndá ẹ̀dá jọ fún ọjọ́ márùn-ún nínú ọgbà ilé ìwé kan níbí. Àwọn tí kò lè rìn, àwọn tí kò ríran, àwọn tí kò gbọ́ràn, tàgbà tèwe. Wọ́n ní kí wọ́n wá ṣeré, kí wọ́n kọrin, kí ara tù wọ́n. Wọ́n ní kí n fi àlùbọ́sà ránṣẹ́ sí ilé ìdáná. Mo ní àlùbọ́sà nìkan kọ́, èmi fúnra mi ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́, torí kò sẹ́ni tó mọ nǹkan gbé bí èmi ní gbogbo Kétu àti Ìkòsí. Wọ́n fún mi ní ṣẹ́ẹ̀tì yẹ́lò bíi ti àwọn òṣìṣẹ́ yòókù. Kò dé ìdodo mi.

Aunty Ṣadé ni olórí wa níbẹ̀. Àbígbẹ̀yìn mi dàgbà jù ú lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, ó pín ìwé fún wa, ó ń ṣàlàyé òfin. Èmi wà lẹ́yìn, mò ń sọ fún àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo ṣe máa ń ru àpò méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ká ìwé yẹn sápò. Gẹ̀ẹ́sì ni.

Obìnrin kan wà níbẹ̀, télọ̀ ni, láti Ìṣẹ̀rì Olówòrá. Ìyá Táyọ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò gbé e. Lórí àga onítáyà rẹ̀ lẹ́bàá géètì ló máa ń wà, tí á máa bá àwọn tó ń kọjá lójú títì ṣàwàdà. Ó bi mí pé ṣé èmi àti ọmọ-ọmọ mi la jọ ń pín ṣẹ́ẹ̀tì yẹn lò ni.

Lọ́jọ́ kejì, mọ́tò àwọn àlejò láti olú ìjọ yà wọlé. Obìnrin kan sọ̀kalẹ̀, ó dúró, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń tún gèlè rẹ̀ wé.

Màámi, kí n tó mọ̀, mo ti gbé Ìyá Táyọ̀ kúrò lórí àga rẹ̀. Mo ti gbé e wọ kíláàsì kan lẹ́yìn. Mo ti pa ilẹ̀kùn dé.

Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ìdí rẹ̀. Nígbà èwe mi, tí a bá jókòó síwájú ilé, èmi, ẹ̀yin, àti Bọ́sẹ̀ àbúrò mi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, bí ẹ bá rí àlejò lókèèrè, ẹ ò ní sọ̀rọ̀. Ẹ ó kàn tún gèlè wé. Mo ti mọ̀ nìyẹn. Màá gbé Bọ́sẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀yìn, màá pa ilẹ̀kùn dé. Bí àlejò bá lọ, ẹ̀yin lẹ máa ń ṣílẹ̀kùn fún un, ẹ ó mú ẹran inú ọbẹ̀ tiyín lé e lọ́wọ́, ẹ ò ní wí nǹkan kan. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Gbogbo àwọn tó ń yin agbára mi ní Mile 12, mi ò sọ fún wọn rí pé ara Bọ́sẹ̀ ni mo ti kọ́ ẹrù gbígbé.

Ìyá Táyọ̀ kò pariwo. Ó wò mí láti orí bẹ́ǹṣì tí mo gbé e lé.

"Bàbá Alálùbọ́sà, ta ni mo ṣẹ̀ tí ẹ fi ń gbé mi pa mọ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀ kí n gbé e padà. Ó na ọwọ́ dá mi dúró, ó ní kí n kọ́kọ́ bi òun. Mi ò bi ẹrù léèrè rí. Mo bi í pé, "Ṣé kí n gbé yín?" Ó jẹ́ kí n dúró díẹ̀ kó tó ní kí n gbé òun.

Nígbà tí Aunty Ṣadé gbọ́, ó ní kí a bi èèyàn kí a tó gbé e ni òfin àkọ́kọ́ nínú ìwé tó wà lápò mi. Ó fẹ́ dá mi padà sílé, Ìyá Táyọ̀ ló bá mi bẹ̀ ẹ́. Wọ́n bá fi mí sí ilé ìdáná. Èmi, mò ń gé àlùbọ́sà. Omi ń dà lójú àwọn obìnrin ibẹ̀, wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé ojú Bàbá gbẹ bí òkúta. Àlùbọ́sà ti mọ́ ojú mi lára tipẹ́, nǹkan kan kì í jáde níbẹ̀ mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gé e. Mi ò ronú nǹkan kan.

Nígbà tí a parí, mo lọ sí abúlé wa lọ́nà Abẹ́òkúta. Bọ́sẹ̀ wà ní yàrá ẹ̀yìn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí mo kọ́ fún yín. Yàrá gidi ni o: táìsì wà nílẹ̀, fáànù wà, tẹlifíṣọ̀n wà, obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ wà. Kí ẹ tó dákẹ́, ẹ ní kí n má jẹ́ kí ojú tì í. Ṣé ojú tirẹ̀ lẹ ń wí ni, àbí tiwa?

Mo bi í pé níbo ló fẹ́ máa jókòó. Ó ti lé láàádọ́ta ọdún, mi ò bi í rí. Ó wò mí bí ẹni tó ń wá ibi tí ẹ̀tàn wà, kò dáhùn. Mo sùn síbẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo bá a tó ti wọṣọ, tó ti wé gèlè búlúù yín, èyí tí mo rò pé a sin mọ́ yín.

Ó ní, "Iwájú ilé."

Mo bi í bóyá kí n gbé e. Ó ní kí n gbé òun. Màámi, ìdajì àpò àlùbọ́sà wúwo jù ú lọ.

A jókòó. Nígbà tó yá, ìyàwó aládùúgbò wa kan ń bọ̀ lókèèrè, ẹni tó ti ń gbé àdúgbò wa láti bí ogún ọdún. Bọ́sẹ̀ rí i. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó tún gèlè wé.

Ọwọ́ mi ti gbéra. Mo fà wọ́n padà, mo jókòó lé wọn bí ọmọdé. Bọ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ kí obìnrin náà. Obìnrin náà jẹ́ ẹ, ó sì kọjú sí mi, ó ní ta nìyí. Bọ́sẹ̀ kò dúró dè mí.

"Ọmọ ilé yìí ni mí."

Mi ò sunkún. Mo jókòó lé ọwọ́ mi títí tó fi kú tipiri.

Ọmọ yín ni mí síbẹ̀, mo sì fẹ́ràn yín bí mo ṣe fẹ́ràn yín nígbà tí ojú nìkan la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀,

Ọmọkùnrin yín tó mọ ẹrù gbé.